Títa Póòkà Nígbà tí Ṣípù Bá Kù Díẹ̀: Ìdáhùn sí Lẹ́tà Àwọn Òǹkàwé

Póòkà ni ọ̀pọ̀ lẹ́tà tó wà níwájú wa lóṣù yìí dá lé lórí, pàápàá irú èyí tí wọ́n ń pè ní No-Limit Hold'em, tí àwọn ọ̀dọ́ ń ta lórí fóònù àti nínú yàrá wọn láti Ìlọrin títí dé ilẹ̀ Ìgbómìnà. Bí ọ̀rọ̀ wọn tilẹ̀ yàtọ̀ síra, ohun kan náà ni wọ́n ń bi wá: kí ni ẹni tí ṣípù rẹ̀, àwọn àmì tí a fi ń ta eré náà, ti kù díẹ̀ yóò ṣe? Fún ẹni tí kò mọ eré náà, káàdì méjì ni a ń fún olúkúlùkù ní ìkọ̀kọ̀, márùn-ún sì ni a óò ṣí sí àárín tábìlì fún gbogbo ènìyàn: mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, lẹ́yìn rẹ̀ ọ̀kan, lẹ́yìn rẹ̀ ọ̀kan. Kí ẹnikẹ́ni tó wo káàdì rẹ̀, ẹni méjì tó jókòó tẹ̀lé ẹni tí bọ́tìnì (àmì tó ń yí tábìlì ká láti ìpín káàdì kan sí òmíràn) wà níwájú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti san bíláíńdì kékeré àti bíláíńdì ńlá, ìyẹn ṣípù tí a ń san ní dandan, áńtì, tó jẹ́ sísan dandan mìíràn, sì tún máa ń wà lórí rẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ìdíje. Ìgbàkígbà tó bá kan ènìyàn, ó lè kó gbogbo ṣípù rẹ̀ sí àárín. All-in ni wọ́n ń pe ìyẹn. Ẹni tó bá fi ṣípù tirẹ̀ bá a dọ́gba ni a ní ó dá a lóhùn, ẹni tó bá sì ju káàdì sílẹ̀ ni a ní ó sá. Ní ti bóyá ó tọ́ kí ènìyàn fi owó ta á, àwọn àlùfáà àti pásítọ̀ yín ni kí ẹ bi. Ìṣirò eré náà kò yàtọ̀, ìbáà ṣe ẹ̀pà ni ẹ fi ń ta á.

*Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Àwa mẹ́sàn-án la máa ń ta á ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, ṣípù lásán ni, kò sí owó níbẹ̀. Nígbà tí ṣípù mi bá ti kéré, Éèsì méjì, Ọba méjì tàbí Ayaba méjì nìkan ni mo máa ń dúró dè. Síbẹ̀, èmi ni mo sábà máa ń tètè jáde. Bí káàdì tí mò ń retí bá sì dé, ẹni méjì tàbí mẹ́ta ló máa ń dá mi lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Níbo ni mo ti ń ṣìnà?* Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Tanke, Ìlọrin.

Àbúrò, sùúrù dára nígbà tí ṣípù bá pọ̀ lọ́wọ́ ẹni. Nígbà tó bá kù díẹ̀, sùúrù náà gan-an ló ń lé ọ jáde. Ọ̀nà 1,326 ni a lè gbà mú káàdì méjì nínú 52. Éèsì méjì ní ọ̀nà 6, Ọba méjì ní 6, Ayaba méjì ní 6, àpapọ̀ wọn jẹ́ 18, nítorí náà, ẹ̀ẹ̀kan nínú nǹkan bíi 74 ni ọ̀kan nínú wọn yóò bọ́ sí ọ lọ́wọ́. Ká ní 10,000 ni ṣípù rẹ, tí bíláíńdì ńlá jẹ́ 1,000, tí kékeré jẹ́ 500, tí ẹni tó wà ní bíláíńdì ńlá sì ń san áńtì 1,000 fún gbogbo tábìlì. Bí bọ́tìnì bá yí tábìlì ká lẹ́ẹ̀kan, 2,500 ti kúrò lọ́wọ́ rẹ láìjẹ́ pé o ta ohunkóhun. Ìyípo mẹ́rin péré ló kù fún ọ, èyí tó jẹ́ ìpín káàdì 36 níbi tábìlì ẹni mẹ́sàn-án, bí bíláíńdì kò bá tilẹ̀ tíì gòkè sí i. Kí ọ̀kan nínú oríṣi mẹ́ta tí ò ń retí tó dé láàárín ìpín 36 yẹn, àǹfààní rẹ kò ju nǹkan bíi 39 nínú 100 lọ.

Pípín tí a pín ṣípù rẹ sí iye tí ìyípo kan ń jẹ yìí kì í ṣe ohun tuntun. Paul Magriel, ará Amẹ́ríkà tó jẹ́ ọ̀gá nínú backgammon, eré orí pátákó kan, ló fún un ní orúkọ M, Dan Harrington, ẹni tó gba ipò kìíní nínú World Series of Poker, ìdíje àgbáyé póòkà, ní ọdún 1995, ló sì jẹ́ kí ó tàn kálẹ̀. Èmi fẹ́ràn kí n máa fi bíláíńdì ńlá ka tèmi, nítorí pé ó yá láti ṣírò lórí ìjókòó. Èyí tó bá wù ọ́ ni kí o mú, ṣùgbọ́n má ṣe máa wo iye ṣípù lásán: 10,000 tó jẹ́ ọrọ̀ nígbà tí bíláíńdì ńlá wà ní 100 ti di ìṣẹ́ nígbà tó bá di 1,000.

Nísinsìnyí, wo ìdí tí wọ́n fi ń dá ọ lóhùn lọ́pọ̀. Ẹ̀rù ni ohun ìjà ẹni tí ṣípù rẹ̀ kò pọ̀, ẹ̀rù náà sì ń dín kù bí ṣípù ti ń dín kù. Gbogbo ènìyàn ti ju káàdì sílẹ̀ títí ó fi kàn ọ́ ní bọ́tìnì. 2,500 ti wà láàárín. Ọba àti 9 tí àmì wọn bára mu ló wà lọ́wọ́ rẹ. O kó 10,000 rẹ sí àárín. Bí àwọn méjì tó kù bá sá, 12,500 ni o ní, o sì ti fi ìdá mẹ́rin kún ṣípù rẹ láìṣí káàdì kan. Bí bíláíńdì ńlá bá dá ọ lóhùn, 21,500 ni yóò wà láàárín. Ká ní ìgbà 40 nínú 100 ni irú káàdì yìí máa ń borí ẹni tó bá dáhùn: 8,600 ni ìpín rẹ nínú rẹ̀, 10,000 ni o sì fi wá a, a jẹ́ pé o ń pàdánù 1,400. Ìdáhùn wọn jẹ́ àdánù fún ọ, mi ò bò ó mọ́ ọ lójú. Síbẹ̀, bí wọ́n bá ń sá ní ìgbà 36 nínú 100, èrè àti àdánù ti pa ara wọn rẹ́. Bí wọ́n bá ń sá ní ìgbà 60, èrè tí o ń jẹ lórí ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo yìí jẹ́ 940 ní ìpíndọ́gba, káàdì rẹ kò sì dára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Fi ìyẹn wé ìgbà tí o bá ti dúró títí ó fi ku 3,000. O kó o sílẹ̀, bíláíńdì ńlá tó ti san 1,000 tẹ́lẹ̀ yóò fi 2,000 kún un láti jìjàdù 7,500. Kò ju kí ó borí ní ìgbà 27 nínú 100 lọ kí ó tó rí owó rẹ̀ gbà padà, káàdì tí kò sì lè ṣe bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Ìdí rẹ̀ nìyí tí Éèsì méjì rẹ fi ń bá ogunlọ́gọ̀ pàdé, tí o bá sì jẹ ẹ́ pàápàá, ibi tí o wà ní ìyípo mẹ́ta sẹ́yìn ni o padà sí. Awakọ̀ tó bá rí i ní Gànmọ̀ pé epo òun ti lọ sílẹ̀ kò ní wakọ̀ kọjá Ìdófìàn kí ó tó máa bojú wo ọ̀tún àti òsì fún ilé epo.

Nítorí náà, bí ṣípù rẹ bá ti wọ bíláíńdì ńlá 12 sí ìsàlẹ̀, ohun méjì ló kù tí o lè máa ṣe bí ó bá kàn ọ́ tí ẹnikẹ́ni kò tíì wọlé: kó gbogbo rẹ̀ sí àárín tàbí kí o ju káàdì sílẹ̀. Ìjókòó rẹ ni yóò sọ èwo. Bí ìwọ bá ni ẹni àkọ́kọ́ tí yóò sọ̀rọ̀ lára ẹni mẹ́sàn-án, ẹni mẹ́jọ ló ṣì lè ní káàdì ńlá lẹ́yìn rẹ, nítorí náà méjì-méjì (káàdì méjì tó jẹ́ oríṣi kan náà) tó dára, Éèsì pẹ̀lú káàdì gíga, àti Ọba-Ayaba tó bára mu ni kí o fi lọ. Ní bọ́tìnì, ẹni méjì péré ló kù, Éèsì pẹ̀lú ohunkóhun àti méjì-méjì èyíkéyìí ti tó, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ Ọba àti àwọn káàdì tó tẹ̀léra. Ní bíláíńdì kékeré tí gbogbo ènìyàn ti sá, tí ó ku ìwọ àti ẹnì kan, tí bíláíńdì ńlá 10 sì wà lọ́wọ́ rẹ, ó ju ìdajì gbogbo káàdì lọ tí ó tọ́ kí o kó gbogbo rẹ̀ lé lórí. Ó máa ń ya àwọn ọmọ tuntun lẹ́nu. Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Ẹni tó bá kọ́kọ́ kó tirẹ̀ sílẹ̀ ló ń gbé ìpinnu tó le lé ẹnìkejì lọ́wọ́.

*Ẹ̀gbọ́n wa, bíláíńdì ńlá 12 ni mo ní. Mo wà ní bọ́tìnì pẹ̀lú Éèsì àti 9. Mo fi kún un dé ìlọ́po méjì àti ààbọ̀ bíláíńdì ńlá bí mo ti ń rí i tí àwọn ọ̀gá ń ṣe lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó wà ní bíláíńdì ńlá kó gbogbo tirẹ̀ lé mi lórí, mo sì ju káàdì sílẹ̀ nítorí mo rò pé ó ní èyí tó ju tèmi lọ. Ṣé mo ṣe é dáadáa?* Òǹkàwé kan, Ọ̀fà.

Ìpinnu kejì yín ló burú jù, ṣùgbọ́n àkọ́kọ́ ló bí i. Nígbà tí ẹ ti fi bíláíńdì ńlá 2.5 sílẹ̀, 9.5 ló kù lọ́wọ́ yín. Ohun tó wà láàárín lẹ́yìn tí ó kó tirẹ̀ lé yín lórí jẹ́ 16: 2.5 tiyín, 12 tirẹ̀ tó kàn yín, bíláíńdì kékeré tó jẹ́ 0.5, àti áńtì tó jẹ́ 1. Ẹ ó fi 9.5 wá 25.5, bí ẹ bá lè borí ní ìgbà 37 tàbí 38 nínú 100, ó ti yẹ kí ẹ dáhùn. Éèsì-9 kò ní ṣàìrí tó bẹ́ẹ̀ lára ènìyàn tó mọ̀ pé ẹni tó wà ní bọ́tìnì lè fi káàdì yẹpẹrẹ wọlé, àfi bí ẹ bá mọ̀ dájú pé méjì-méjì ńlá nìkan ni olúwa rẹ̀ máa ń fi ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ní kúkúrú, ẹ ti ra ọjà náà, ẹ sanwó lórí rẹ̀, ẹ wá fi í sílẹ̀ fún ẹni tó tà á.

Àwọn ọ̀gá tí ẹ ń wò, bíláíńdì ńlá 40 tàbí 100 ló sábà máa ń wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n lè fi 2.5 dán ènìyàn wò kí wọ́n sì pàdánù rẹ̀ láìmira. Fún bíláíńdì ńlá 12, ìdá márùn-ún ohun tí ẹ ní ni. Ẹ fi Éèsì-9 yẹn kó gbogbo ṣípù yín sí àárín láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹni tó ní Éèsì-4 tàbí Ọba-Jáàkì lè sá.

Ibi tí mo ti fẹ́ kí ẹ máa ṣe bí ẹni yẹn ti ṣe sí yín ni nígbà tí ṣípù yín bá wà láàárín bíláíńdì ńlá 15 sí 20. Ẹnì kan tó wà ní bọ́tìnì tàbí ìjókòó tó ṣáájú rẹ̀ fi kún un. Ẹ mọ̀ pé kì í sinmi, káàdì púpọ̀ ló ń fi wọlé. Ẹ wà ní bíláíńdì pẹ̀lú méjì-méjì tó mọ níwọ̀n, tàbí Éèsì-10, tàbí Ọba-Ayaba. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ lé e lórí. Ohun tó ti fi sílẹ̀ á kún ohun tí ẹ ó kó bí ó bá sá, ṣípù yín sì ṣì tó láti dẹ́rù bà á. Ní 8 kò tó mọ́, nítorí iye tí yóò fi kún un kéré. Ní 30, ohun tí ẹ ń fi sínú ewu ti pọ̀ jù fún èrè rẹ̀.

*Ẹ jọ̀wọ́, ṣé káàdì tí mo lè fi kó gbogbo ṣípù mi sílẹ̀ náà ni mo lè fi dá ẹlòmíràn tó kó tirẹ̀ sílẹ̀ lóhùn?* Arábìnrin kan, Òmù-Àrán.

Rárá o, arábìnrin wa. Ẹni tó kọ́kọ́ kó o sílẹ̀ lè jẹ ní ọ̀nà méjì: kí àwọn yòókù sá, tàbí kí káàdì rẹ̀ borí. Ẹni tó ń dáhùn kò ní ju ọ̀nà kejì lọ. Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ lórí ni bí káàdì ti ń bá ara wọn jà. Méjì-méjì kékeré sí káàdì méjì tó ga jù ú lọ, nǹkan bíi 55 sí 45 ni. Méjì-méjì ńlá sí kékeré, 81 sí 19. Éèsì-Ọba sí Éèsì-Ayaba, nǹkan bíi 74 nínú 100 ni Éèsì-Ọba máa ń mú. Ìkẹta yìí ló ń pa àwọn ènìyàn wa jù, nítorí pé ojú wọn kì í kúrò lára Éèsì: wọ́n á fi Éèsì-3 dá ẹni tó wà ní ìjókòó àkọ́kọ́ lóhùn, Éèsì-Jáàkì á yọjú, àtúbọ̀tán rẹ̀ kì í dára. Bí ẹ bá fi 8 àti 9 tó bára mu kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ tí Éèsì-Ọba sì dá yín lóhùn, ẹ ṣì ní nǹkan bíi 40 nínú 100, èyí tó sàn ju ti Éèsì-3 lọ fíìfíì.

Ibì kan ṣoṣo tí ó yẹ kí ọwọ́ yín là ni bíláíńdì ńlá nígbà tí ṣípù ti kéré gan-an. Ká ní ẹ ti san 1,000 àti áńtì 1,000, tí 4,000 kù lọ́wọ́ yín, tí bọ́tìnì kó tirẹ̀ sílẹ̀, tí bíláíńdì kékeré sì sá. 4,000 ni ẹ ó fi wá 11,500. Ìgbà 35 nínú 100 ti tó. Jáàkì-9 kò burú níbẹ̀.

*Ṣé wíwo ojú àwọn tí a jọ ń ta á wúlò fún ẹni tí ṣípù rẹ̀ kò pọ̀?* Òǹkàwé kan, Àjàṣẹ́-Ìpo.

Ẹ wo ṣípù wọn kí ẹ tó wo ojú wọn. Ẹni tí bíláíńdì ńlá 100 wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè fi 8 ṣeré. Ẹni tí 14 wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni 8 yín lè lé sá.

*Ẹgbẹ́ wa ṣe ìdíje kan, owó ẹ̀bùn jẹ́ 50,000 náírà fún ẹni kìíní, 30,000 fún ẹnìkejì, 20,000 fún ẹnìkẹta. Ó ku àwa mẹ́rin, bíláíńdì ńlá 10 ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lọ́wọ́ olúkúlùkù. Ẹni tó ṣáájú mi kó gbogbo tirẹ̀ sílẹ̀, mo fi Éèsì-10 dá a lóhùn ní bọ́tìnì, mo sì jáde lọ́wọ́ òfo. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kò sí ohun tó burú níbẹ̀, pé káàdì ló ṣe mí. Kí ni ẹ rí sí i?* Òǹkàwé kan, Adéwọlé, Ìlọrin.

Èmi kò gbà pẹ̀lú wọn. Kí ẹni yẹn tó kó ṣípù rẹ̀ sílẹ̀, a lè sọ pé ìpín yín nínú 100,000 náírà náà jẹ́ 25,000, nítorí pé ẹ jọ dọ́gba ni. Bí ẹ bá borí, ṣípù yín di ìlọ́po méjì, ẹnì kan jáde, ó ku ẹ̀yin mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ìpín yín kò di 50,000, nítorí pé ẹni tó bá kó gbogbo ṣípù tábìlì pàápàá kò ní gbà ju 50,000 lọ. Bí a bá ṣírò rẹ̀ pé àǹfààní olúkúlùkù láti gba ipò kìíní bá ìwọ̀n ṣípù rẹ̀ mu, tí a sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún ipò kejì àti ìkẹta, nǹkan bíi 38,300 náírà ni ìpín yín yóò jẹ́. Ẹ fi 25,000 wá 13,300 tó lé. Láìka bíláíńdì tó wà nílẹ̀ mọ́ ọn, èyí tó lè dín in kù díẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ lè borí ní ìgbà 65 nínú 100 kí ìdáhùn náà tó bójú mu. Éèsì-Ọba gan-an, tí a bá fi kojú káàdì èyíkéyìí láìyan, nǹkan bíi 65 náà ni. Ẹni tó kó gbogbo tirẹ̀ sílẹ̀ ní ìjókòó àkọ́kọ́ kò sì mú káàdì èyíkéyìí, ó yan tirẹ̀.

Ẹ wá yí i padà. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ kó o sílẹ̀, òun ni ì bá máa wá 65 yẹn kiri, ó sì ṣeé ṣe kí ó ju Éèsì-10 náà sílẹ̀. Nígbà tó bá ku ẹnì kan kí owó ẹ̀bùn tó bẹ̀rẹ̀, a máa ń dín ìdáhùn kù gidigidi, ṣùgbọ́n a kì í dín ìkọ́kọ́-kó-sílẹ̀ kù tó bẹ́ẹ̀, pàápàá sí àwọn tí ṣípù wọn bá tiwa dọ́gba. Ohun tó yẹ kí ó mú yín fara balẹ̀ ju ìyẹn lọ ni bí ẹnì kan bá wà níbẹ̀ tí bíláíńdì ńlá kan tàbí méjì péré kù lọ́wọ́ rẹ̀, tí bíláíńdì sì ti ń bọ̀ wá bá a. Ẹ jẹ́ kí ó jáde ná.

*Wọ́n ní ẹnì kan gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé pẹ̀lú ṣípù kan ṣoṣo. Ṣé òótọ́ ni?* Òǹkàwé kan, Ìgbàjà.

Jack Straus ni, ní ọdún 1982, níbi ìdíje àgbà World Series of Poker ní Las Vegas. Bí wọ́n ti ń sọ ọ́, ó rò pé òun ti pàdánù gbogbo rẹ̀, àfi ìgbà tí ó rí ṣípù kan tó ṣẹ́kù lórí tábìlì. Nítorí pé kò fi ẹnu sọ pé òun ti kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n jẹ́ kí ó máa bá eré lọ, ó sì gba ipò kìíní pẹ̀lú dọ́là 520,000. Ó dun-ún gbọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó ń sọ ọ́ lọ́dọ̀ wa sábà máa ń fi ṣe àwáwí fún jíjókòó tẹtẹrẹ títí bíláíńdì yóò fi jẹ wọ́n tán.

*Bí mo bá kó 3,000 sílẹ̀ tí ẹni méjì tí 20,000 wà lọ́wọ́ olúkúlùkù wọn sì dá mi lóhùn, èló ni mo lè jẹ?* Òǹkàwé kan náà, Ìgbàjà.

9,000 ni, pẹ̀lú bíláíńdì àti áńtì àwọn tó ti sá. Ohunkóhun tí àwọn méjì yẹn bá tún fi kún un láàárín ara wọn, àwọn nìkan ló ni ín, ẹ kò sì lè pàdánù ju 3,000 yín lọ. Àǹfààní kan tún wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kì í rí: bí ọ̀kan nínú wọn bá lé ẹnìkejì sá kí káàdì márààrún tó ṣí tán, ó ti bá yín mú ọ̀tá kan kúrò, ẹ̀yin sì ń wo gbogbo káàdì láìsan kọ́bọ̀ sí i. Kí ẹni tó ń pín káàdì ya 9,000 náà sọ́tọ̀ kí ó tó ṣí káàdì mìíràn, kí ìjà má baà ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ bá fẹ́ pín in.